Ohùn Tí A Fi Ń Ránṣẹ́ Sílé: Láti Orí Kásẹ́ẹ̀tì Dé Orí WhatsApp

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ láti inú páálí ọṣẹ kan.

Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa ní Sábọ̀n Gàrí, ní Kánò, jáde láyé, àwọn ọmọ rẹ̀ péjọ láti palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́. Abẹ́ ibùsùn ni wọ́n ti fa páálí náà jáde, kásẹ́ẹ̀tì ló kún inú rẹ̀. Àbíkẹ́yìn wọn ní kí àwọn kó o lọ sórí ààtàn, nítorí pé kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n lè fi gbọ́ ọ nínú ilé mọ́. Ẹ̀gbọ́n ní kí ó ní sùúrù. Wọ́n yá rédíò kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ télọ̀ kan ládùúgbò, wọ́n sì ki èyí tó wà lókè pátápátá bọ inú rẹ̀. Igbe adìyẹ ni a kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin arúgbó kan jáde, ó ń ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì, ó ń béèrè pé ṣé ara rẹ̀ le, ó ń sọ fún un pé òrùlé ilé ti ń jò. Ìyá bàbá wọn ni. Ìyá náà ti kú kí àbíkẹ́yìn tó dáyé. Ọmọ tó fẹ́ da páálí nù yìí ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ronú nípa gbogbo ẹ̀rọ tí àwa ará ẹ̀yìn odi ti fi bá ilé sọ̀rọ̀, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún wa, àti ohun tí ó gbà lọ́wọ́ wa. Ìdí nìyí tí a fi kọ ìtàn yìí.

Kí ẹ̀rọ tó dé

Àwọn baba ńlá wa kò dúró de ẹ̀rọ kí wọ́n tó ránṣẹ́ síra wọn. Àròkò ni wọ́n ń pa. Ẹni tó bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, tó fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan, ohun tó ń wí ni pé ọkàn òun fà sí i, nítorí pé ẹẹ́fà ni iye owó ẹyọ náà. Ohùn èdè wa ni wọ́n fi ń ka àròkò. Ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá, owó lásán ni yóò rí.

Rélùwéè dé Kánò ní ọdún 1911. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn wa láti Ogbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin àti ibòmíràn ti ń bá ọkọ̀ ojú irin gòkè wá ṣòwò, tàbí wá ṣiṣẹ́ ìjọba. Láti Èkó sí Kánò lé ní 1,000 kìlómítà. Lẹ́tà ló so àwọn tó lọ mọ́ àwọn tó kù nílé. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ìyá wa kò mọ̀wé. Akọ̀wé ni wọ́n máa ń bẹ̀ kí ó bá wọn kọ ọ́, ẹlòmíràn ni yóò sì kà á fún ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ó wà láàárín ọkọ àti aya yóò ti gba etí ènìyàn méjì kọjá kí ó tó dé ibi tó ń lọ. Ohun tí ìyá bá sọ tẹkúntẹkún, akọ̀wé yóò kọ ọ́ ní ìlà kan péré: “Mo fi àkókò yìí kí ọ, mo sì lérò pé àlàáfíà ni o wà.”

Ní ọdún 1935, rédíò aláwáyà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí ó yá, àwọn ènìyàn wa fún rédíò ní orúkọ tí kò lè parẹ́: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn, nítorí pé òun ni a óò fi wọn gbogbo ẹ̀rọ yòókù.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia ní Gáná pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará wa láti Ogbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìlọrin pọ̀ nínú àwọn oníṣòwò tó wà ní apá àríwá Gáná nígbà náà. Àwọn tó wà nílé gbọ́ ìròyìn náà lórí rédíò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bi rédíò léèrè pé, “Lágbájá tèmi ńkọ́? Ṣé ó ti rí ọkọ̀?” Ọ̀pọ̀ ìyá kàn jókòó sí ẹnu ọ̀nà ni, wọ́n ń ka ọkọ̀ akẹ́rù tó ń wọ̀lú. A ní àwọn àgbà nínú ẹgbẹ́ wa tí wọ́n bá ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ní ọmọdé. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìdílé wọn tún dìde, wọ́n gba Òkè Ọya wá.

Ìgbà kásẹ́ẹ̀tì

Ilé-iṣẹ́ Philips ló gbé kásẹ́ẹ̀tì kékeré tí gbogbo wa mọ̀ jáde ní ọdún 1963. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó tàn kálẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí owó Údójì dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ọdún 1975, rédíò wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rà, àwọn tó sì lágbára ra èyí tó ní ibi tí wọ́n ń ki kásẹ́ẹ̀tì sí. Orin ni àwọn tó ṣe é rò pé a óò máa fi gbọ́. A gbọ́ orin lóòótọ́, ṣùgbọ́n a rí i pé bọ́tìnnì pupa kan wà lára rẹ̀ tó ń gba ohùn ènìyàn sílẹ̀. Bọ́tìnnì pupa yìí ló sọ kásẹ́ẹ̀tì di lẹ́tà fún wa.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wa ṣe é yóò rántí. Alẹ́ Sátidé ni, nígbà tí ariwo ọjà bá ti rọlẹ̀. Bàbá yóò gbé rédíò sórí tábìlì, yóò fi bátìrì tuntun sí i, nítorí pé bí bátìrì bá ti rẹ̀, ohùn tí a gbà kì í dọ́gba nígbà tí wọ́n bá fi bátìrì tuntun gbọ́ ọ nílé. Yóò wúkọ́, yóò dárúkọ ọjọ́ àti oṣù, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí gbogbo ilé láti orí baálé dé orí ọmọ tuntun. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ti 60 ìṣẹ́jú, 30 ìṣẹ́jú ni ojú kan. Ìkíni nìkan lè gba ojú kan tán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyàwó yóò sọ tirẹ̀, àwọn ọmọ yóò sì tò kọjá níwájú ẹ̀rọ, ẹnì kan á kọrin, ẹnì kan á ka ABD, ẹnì kan á sá wọ yàrá nítorí ìtìjú.

Bí a bá parí, a óò ṣẹ́ etí méjèèjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì gba orin lé ohùn wa lórí. Awakọ̀ tó ń lọ sílé la ń fún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí oṣù kan, awakọ̀ náà yóò mú kásẹ́ẹ̀tì mìíràn padà bọ̀, ilé ti fèsì. Akọ̀wé kò sí láàárín mọ́. Ìyá tí kò mọ lẹ́tà kan ṣoṣo lè bá ọmọ rẹ̀ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ọmọ sì gbọ́ bí ó ṣe mí kanlẹ̀. Orí kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti sọ àwọn kan nínú wa lórúkọ. Bàbá àgbà gbàdúrà nílé, a sì tẹ̀ ẹ́ ní Òkè Ọya ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn àlejò ń ṣe àmín bí ẹni pé bàbá wà níbẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì ní àbùkù tirẹ̀. Ẹ̀rọ máa ń jẹ okùn inú rẹ̀, a óò wá máa fi pẹ́ńsù yí i padà díẹ̀díẹ̀. Èsì rẹ̀ sì máa ń pẹ́. Ìyá lè ti ṣàìsàn, kí ó ti gbádùn, kí kásẹ́ẹ̀tì tó sọ pé ara rẹ̀ kò yá tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìgbà tẹlifóònù olówó iyebíye

Ní ọdún 1985 ni ìjọba da ẹ̀ka tẹlifóònù tó wà lọ́dọ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ìpè òkè òkun, tí wọ́n sì pè é ní NITEL. Títí di ọdún 2000, iye ìlà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan, nígbà tí iye ènìyàn orílẹ̀-èdè yìí ti lé ní 100 mílíọ̀nù. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀ wò.

Fún àwa, tẹlifóònù túmọ̀ sí pé kí á tò láti òwúrọ̀, kí á san owó, kí á pe ilé olówó kan tó wà ní àdúgbò wa nílé, kí á bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá wa pe ìyá wa wá, kí á gé e, kí á sì tún pè padà lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Nígbà tí ìyá bá fi sáré dé, ìlà ti lè kú. Bí ó bá wọlé, ariwo la ń pa, gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn wa á sì gbọ́ pé owó ilé ìwé ọmọ kò tíì pé. Tẹlifóònù ń gba èsì lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò fún wa ní àyè láti sọ̀rọ̀. Nítorí náà, kásẹ́ẹ̀tì kò tíì kúrò lọ́wọ́ wa.

Fóònù alágbèéká dé

Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀, ní Èkó, Àbújá àti Port Harcourt ná. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà gan-an ni rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ jùlọ ìdílé wa tó wà níbẹ̀ kò ní fóònù kankan. Rédíò ń ka ìròyìn, ilé sì tún jókòó sí ẹnu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní 1969. Ẹ fi wé oṣù Kẹrin ọdún 2011, nígbà tí ìjà bẹ́ lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ ní Kàdúná, Kánò àti ibòmíràn. Lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ilé pè kí ilẹ̀ tó ṣú. “Ìwọ dà? Àwọn ọmọ dà? Ẹ má jáde o.” Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ méjèèjì yìí kò lè mọ ohun tí fóònù ṣe fún àwa tó wà lẹ́yìn odi.

Ṣùgbọ́n kò rọrùn níbẹ̀rẹ̀. Náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń gba owó, tí ẹ bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún péré, owó ìṣẹ́jú kan odidi lọ nìyẹn. Àwọn obìnrin tó ń ta ìpè lábẹ́ agboòrùn ló gba ọ̀pọ̀ wa là. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà pa fóònù wọn láti fi ẹ̀hónú hàn lórí owó gọbọi yìí. Ọdún náà ni Globacom bẹ̀rẹ̀, tó ń fi ìṣẹ́jú-àáyá ṣírò owó, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

Àwọn tí kò lówó káàdì dá ọgbọ́n tiwọn. Wọ́n ń ṣe fíláàṣì: wọ́n á pè, wọ́n á sì gé e kí a tó gbé e. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní àdéhùn tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan, mo ti gúnlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ pè mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ọ̀rọ̀ kánjúkánjú ni. Àròkò ni a tún ń pa, tí a kò sì mọ̀.

Oògùn Bàbá àti ogún Bàbá

Àtẹ̀jíṣẹ́ rọ̀ jù ìpè lọ lówó, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni èdè wa ti há. Lẹ́tà 160 ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan lè gbà bí a bá fi lẹ́tà tí wọ́n tò sílẹ̀ fún GSM kọ ọ́. Ẹ, Ọ àti Ṣ tó ní àmì nísàlẹ̀ kò sí lára wọn. Púpọ̀ nínú fóònù àtijọ́ kò tilẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ rárá. Lórí èyí tó sì lè tẹ̀ ẹ́, bí ẹ bá fi ẹyọ kan ṣoṣo sí i, àyè tó wà fún àtẹ̀jíṣẹ́ kan á já wálẹ̀ láti 160 sí 70. Ẹni tó bá kọ Yorùbá bó ti yẹ ń san owó ju ẹni tó kọ ọ́ sákasàka lọ. Nítorí náà ni gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́ sákasàka.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa wà ní Kàdúná nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ yìí wọlé láti ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ogbómọ̀ṣọ́: “Ogun Baba ti tan. E tete wa nkan se si.” Ó kà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ogún Bàbá ti tán! Bàbá kú, wọn kò sọ fún un, wọ́n pín ogún, ó sì ti tán! Ó pe nọ́ńbà náà títí, kò wọlé. Ó wọ ọkọ̀ òru. Nígbà tí ó dé ilé ní ìdájí, Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rin orin lẹ́nu. Ó wo ọmọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi. Ṣé o mú oògùn mi dání?”

A ti rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ yìí títí ní ìpàdé. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ ọkọ̀ òru náà sọ fún wa pé òun kò rẹ́rìn-ín ní gbogbo ọ̀nà. Àwọn ọmọ wa tó ń ka Yorùbá lójú fóònù nìkan, tí wọn kò rí àmì rí, báwo ni wọn yóò ṣe mọ oògùn yàtọ̀ sí ogún, tàbí ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ̀? Lónìí, àwọn fóònù ìgbàlódé ń gba àmì wọ̀nyí, a sì lè fi Yorùbá tó pé ránṣẹ́ lórí WhatsApp láìsan owó kún un. Àwáwí tó wà nígbà náà ti tán.

Ìgbà tí wọ́n gé e

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ kéde òfin pàjáwìrì ní Borno, Yobe àti Adamawa, wọ́n sì gé ìlà fóònù alágbèéká nítorí ogun Boko Haram. Ní Borno, ọ̀pọ̀ oṣù ni ó fi wà bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Maiduguri ní fóònù olówó ńlá lọ́wọ́ tí kò wúlò ju aago lọ. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n padà sọ́dọ̀ awakọ̀. Wọ́n kọ lẹ́tà. Àwọn mìíràn wọkọ̀ jáde kúrò ní ìpínlẹ̀ náà kí wọ́n tó lè pe ilé. Àwọn àgbà tó mọ ọ̀nà àtijọ́ ló kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ti ń ṣe é. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn: ẹ̀rọ tuntun kì í ṣe ìdí láti gbàgbé ọ̀nà tí a gbà wá.

Ohùn padà dé

Wọ́n dá WhatsApp sílẹ̀ ní ọdún 2009. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013 ni wọ́n fi ibi tí a ti ń gba ohùn ránṣẹ́ sí i. Ẹ tẹ àwòrán ẹ̀rọ agbóhùn, ẹ sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, ó ti lọ. Àwọn ọmọ wa rò pé ohun tuntun ni. Àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: kásẹ́ẹ̀tì ni, àfi pé awakọ̀ kò sí. Ìyá tí kò lè ka àtẹ̀jíṣẹ́ tún rí ẹnu sọ̀rọ̀. Ó tún ń ki ọmọ rẹ̀, ó tún ń mí kanlẹ̀, èsì sì ń dé kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun méjì ń bà wá lẹ́rù. Èkíní ni àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń gbà láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan, tí a sì ń fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn láìmọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ebola wọ Nàìjíríà, àtẹ̀jíṣẹ́ kan tàn kálẹ̀ pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún. Irọ́ ni, ó sì ṣe àwọn ènìyàn ní jàǹbá. Ọ̀rọ̀ tí a kò lè bi olúwarẹ̀ léèrè, asọ̀rọ̀mágbèsì ni, bí ó tilẹ̀ wọlé láti orí fóònù ẹ̀gbọ́n wa.

Èkejì ni pé kásẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ ibùsùn fún ogójì ọdún, ṣùgbọ́n ohùn orí fóònù kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀. Olè á jí fóònù, omi á wọ̀ ọ́, tàbí kí ọmọ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ nítorí pé àyè ti kún. Ta ni nínú wa tó lè gbé ohùn tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn jáde nísinsìnyí?

Ẹ wo abẹ́ ibùsùn

Nítorí náà, a rọ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ wo abẹ́ ibùsùn, ẹ wo orí àjà. Bí ẹ bá rí kásẹ́ẹ̀tì, ẹ má dà á nù. Ẹ gbé e kúrò níbi oòrùn àti ọ̀rinrin, ẹ má fi sí ẹ̀gbẹ́ agbóhùnsókè, nítorí pé mágnẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ lè ba ohùn jẹ́. Bí etí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá tíì ṣẹ́, ẹ ṣẹ́ ẹ. Kí ẹ tó ki ti ìyá yín bọ inú ẹ̀rọ àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ fi kásẹ́ẹ̀tì tí kò níye lórí dán an wò. Wáyà kan láti ibi tí a ń ki gbohùngbohùn etí sí lára rédíò, sí ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń gba ohùn wọlé, ti tó. Audacity, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tó ti wà láti ọdún 2000, lè gbà á sílẹ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì, ó kéré tán. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ìlú àti ọdún sí i. Bákan náà ni kí ẹ ṣe ohùn orí WhatsApp.

Àwọn ọmọ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí ti ṣe bẹ́ẹ̀. Àbíkẹ́yìn ló gba kásẹ́ẹ̀tì ìyá àgbà sórí kọ̀ǹpútà, tó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìyá arúgbó kan fèsì láti Ogbómọ̀ṣọ́. Àbúrò ìyá àgbà ni. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun fo ibì kan nínú oríkì náà, ó sì kì í tán.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ohùn àwọn òbí wa parun lẹ́nu wa. Bí a ti jáde nílé ní àlàáfíà, àlàáfíà ni kí á máa bá ilé. Àmín.